Pákó Ẹnu Ọ̀nà

Oṣù kẹta rèé tí pákó náà ti wà lẹ́nu ọ̀nà:
À Ń WÁ ÒṢÌṢẸ́ TÓ MỌ MAṢÍÌNÌ Í TẸ̀.
Òjò ti fọ ìdajì lẹ́tà lọ,
eruku títì Ìgbọ̀nà sì bo ìyókù.
Àwọn ọmọ iléèwé á dúró, wọ́n á máa kà á:
"À ń wá... tó mọ..."
Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín, wọ́n á sáré lọ.

Ìlú ní kò síṣẹ́.
Èmi ní kò séèyàn.
Àwa méjèèjì ò purọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé ò tíì kí mi tán
tó fi bi mí pé èló ni.
Ìkejì gboyè jáde ní yunifásítì;
ó wo yíǹkì tó wà léèékánná mi,
ó rọra ti ọwọ́ méjèèjì bọ àpò.
Ìkẹta, ìyá rẹ̀ ló wá bá a wáṣẹ́,
ọmọ ń sùn nílé.
Ìkẹrin mọṣẹ́. Ọlọ́run gbọ́, ó mọṣẹ́.
Ó mú bírò mi, ó ṣírò sẹ́yìn káàdì ìgbéyàwó kan tó bàjẹ́:
kẹ̀kẹ́ láti Òkìnní dé Ọlá-Ìyà,
Ọlá-Ìyà dé ọ̀dọ̀ mi,
àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀,
gààrí ọ̀sán.
Ó fa ìlà méjì sábẹ́ iye tó kù:
owó ọṣẹ.
"Màmá, bí mo bá jókòó sílé,
ó kéré tán, mi ò ní jẹ gbèsè."
Mo wá èsì títí. N kò rí.

Ẹ má rò pé mi ò gba ẹnikẹ́ni rí.
Mo gba Ládòkun lọ́dún tó kọjá.
Mo sanwó fún rédíò kí n tó rí i,
mo bá a san ìdajì owó ilé ní Ayétòrò,
ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni mo fi dúró tì í
tí iṣẹ́ tèmi ń sùn lórí tábìlì.
Ìwé ìsìnkú àkọ́kọ́ tó dá tẹ̀,
irínwó ẹ̀dà,
ó gbé ọdún ikú síbi ọdún ìbí:
bàbá kú tán kí wọ́n tó bí i.
Àwọn ọmọ olóòkú gbé jíìpù wá.
Mo tún un tẹ̀ mọ́jú pẹ̀lú dísẹ́ẹ̀lì àwìn.
Ládòkun ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ.
Mo ní, nu ojú rẹ. Omijé máa ń ba bébà jẹ́.

Ọmọ náà wá dáńtọ́.
Láti ìta ló ti ń gbọ́ bí òùngbẹ epo bá ń gbẹ maṣíìnì.
Oṣù kọkànlá, Ìbàdàn pè é.
Ó fi kẹrosíìnì fọwọ́ dé ìgunpá,
ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.
Mo súre fún un, mo sì bínú, lẹ́ẹ̀kan náà.
Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo ṣí ìwé ìṣirò,
mo kọ rédíò, mo kọ ilé, mo kọ bébà.
Etí rẹ̀ tó ń gbọ́ òùngbẹ irin,
èló ni kí n kọ síwájú ìyẹn?

Lánàá, ọmọbìnrin kan dúró níwájú pákó.
N kò dìde. Mo rò pé ẹ̀rín ló fẹ́ rín.
Ó yọjú: "Mà, lẹ́tà yín ti ń ṣí.
Ẹ fún mi ní ọ̀dà díẹ̀."
Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó kọ ọ́ gún régé,
ÒṢÌṢẸ́, pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀.
Mutíátù lorúkọ rẹ̀. Kò tẹ̀wé rí.
Ó nu ọwọ́ sára aṣọ, ó ń wo maṣíìnì,
mo mọ ìbéèrè tó ń bọ̀.
Mo fa àga sún mọ́ ọn kó tó la ẹnu.
"Jókòó," ni mo wí. "Kí a tó dé orí iye tí n ó san,
sọ fún mi ná:
èló ló ń ná ọ láti dé ibí?"